Nítorí Ìṣirò Ọkọ̀ àti Omi Tí O Fún Àwọn Ọmọ Slipway

Gurley Street, Monrovia
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì

Múínátù, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ràṣídì ọkọ rẹ, mo kí gbogbo ilé yín ní Gardnersville. Ara mi le. Ara bàbá rẹ náà le, àfi orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. O lè máa rò ó pé kí ló dé tí Màámi fi ń kọ lẹ́tà gígùn sí mi nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ kan péré ló máa gbé ènìyàn dé ọ̀dọ̀ mi, tí fóònù sì wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ìṣirò wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ìṣirò kì í sì ṣe ohun tí a ń kà sí ènìyàn létí. Ìdí kejì ni pé tí ọ̀rọ̀ bá ti ń ta ọ́ lára, o máa ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Lẹ́tà ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Jókòó, kà á tán.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. O wọlé wá bá wa, o ò tíì bọ́ bàtà tí ẹkún fi gbà ọ́. O ní iṣẹ́ tíṣà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé ẹ̀gbẹ́ Waterside ti sú ọ. O ní o fún kíláàsì kẹsàn-án ní ìdánwò lórí ìṣirò ọkọ̀ ojú omi àti ìṣàn odò, o sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fún gbogbo wọn ní òdo. O ní ọ̀gá ilé ìwé yóò wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí o tún ìṣirò náà kọ́ lójú rẹ̀, tí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹlòmíràn ni yóò gba kíláàsì kẹsàn-án. O ní o ò ní dúró de ìtìjú yẹn, pé ọjọ́ Ajé tó ṣáájú rẹ̀ lo máa fi ìwé sílẹ̀ pé o ò ṣe mọ́. Bàbá rẹ ní kò burú, kí o wá bá òun jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, pé kọ́kọ́rọ́ àti páìpù kì í bá ènìyàn jiyàn. O rẹ́rìn-ín, o nu ojú rẹ nù. Èmi ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àlejò wọlé, mi ò ráyè sọ̀rọ̀.

Ohun tó mú mi mú báírò gan-an ni ti ọmọbìnrin àdúgbò Slipway tó ń jẹ́ Háwà. O sọ ìtàn rẹ̀ fún wa bí ẹni ń dá àpárá. O ní bí o ṣe ka ìbéèrè náà sí kíláàsì létí tán, ọmọ náà dìde, ó ní:

"Teacher, which water? The one coming in, or the one going out?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. O rò pé ó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, o ní kó jókòó kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó jókòó, ó kọ ìdánwò rẹ̀. O ní ó kọ ọ́ pé eré ọkọ̀ jẹ́ márùn-ún, eré omi jẹ́ máínọ́ọ̀sì ọ̀kan, ó wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé omi ń wọlé ni. O fi báírò pupa fa ìlà lé gbogbo rẹ̀ lórí, o kọ ọ́ sí i pé eré kì í jẹ́ máínọ́ọ̀sì láéláé. Nígbà tó wá bá ọ nídìí tábìlì pé kí o jẹ́ kí òun ṣàlàyé, o lé e jáde níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí àkókò ìṣirò bá ti tó, ìta ló ń jókòó sí. O ní, "Màámi, ẹ ò rí i pé orí wọn ò pé?"

Mo bá ọ rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbi máínọ́ọ̀sì yẹn. Ṣùgbọ́n o ò tíì pẹ́ tí o lọ tí ọ̀rọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lọ́kàn. Mo ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú gaàrí lọ́wọ́ ni, mo sì dúró. Mo mú pépà. Mo ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì. Má bínú, Àbẹ̀kẹ́, má sì tíì fa lẹ́tà ya: ọmọ náà gbà á.

Jẹ́ kí n kọ ìbéèrè rẹ síbí, kí àwa méjèèjì lè jọ máa wò ó. Ọkùnrin kan wa ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ láti Slipway lọ sí abúlé kan létí odò Mesurado, kìlómítà méjìlá. Ó lo wákàtí méjì ní àlọ. Ó lo wákàtí mẹ́ta ní àbọ̀. Kí ni eré ọkọ̀ rẹ̀ nínú omi tí kò ṣàn, kí sì ni eré omi náà?

Mo mọ ibi tí o ti rí i. Inú ìwé tí ẹ ń lò ni. Odò ìlú òkèèrè kan ló wà níbẹ̀, ọkọ̀ náà sì ń bá omi lọ láti ìlú kan sí èkejì. O yọ orúkọ ìlú àkọ́kọ́, o fi Slipway sí i, kí àwọn ọmọ lè rí ilé wọn nínú ìṣirò. Inú rere lo fi ṣe é, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n o ò wo ibi tí Slipway wà. Ẹnu òkun ló wà. Ẹni tó bá kúrò ní Slipway lọ sí abúlé, ẹ̀yìn ló ń kọ sí òkun, òkè odò ló ń lọ. Báwo ni yóò ṣe wá yára ní àlọ ju àbọ̀ lọ? Ìwọ tí o kọ ìbéèrè ò bi ara rẹ. Háwà ló bi ọ́.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyí: tí o bá ti fi orúkọ ilé ènìyàn sínú ìṣirò, gbogbo ohun tí ẹni náà mọ̀ nípa ilé rẹ̀ á bá a wọlé. O ò lè ní kó dúró sí ìta. Nígbà tí mo jẹ́ tíṣà ní Ọ̀ffà, kí n tó fẹ́ bàbá rẹ, mo fún àwọn ọmọ ní ìṣirò rélùwéè tó kúrò ní Ọ̀ffà lọ sí Ìlọrin. Mo sọ eré tó ń sá, mo ní kí wọ́n sọ àkókò tí yóò gbà. Gbogbo wọn fi ìṣẹ́jú kún un. Mo nà wọ́n. Ọmọ kan ń sunkún, ó ní, "Àǹtí, rélùwéè á dúró kí wọ́n ra ànàmọ́ ná." Òótọ́ ni, ó máa ń dúró. Nínú ìwé ni kì í dúró. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ lo rélùwéè tí kò ní dúró, mo máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kì í dúró, tàbí kí n lo ìlú tí ẹnikẹ́ni ò dé rí.

Ẹ̀kejì, tí o bá máa kọ́ ìṣirò ọkọ̀ àti omi, fa ọfà kí o tó kọ lẹ́tà kankan. Mo mọ̀ pé x àti y ni wọ́n fi kọ́ ọ ní yunifásítì. Fi x àti y sílẹ̀ ná. Ya ìlà méjì sára pátákó, pè é ní odò. Bi àwọn ọmọ pé níbo ni omi ń kọrí sí, jẹ́ kí wọ́n dáhùn, kí o fa ọfà omi. Bi wọ́n pé níbo ni ọkọ̀ ń kọrí sí, kí o fa ọfà ọkọ̀. Tí ọfà méjèèjì bá jọ dojú kọ ibì kan náà, omi ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́, a ó ro eré wọn pọ̀. Tí wọ́n bá kọjú síra wọn, omi ń dá ọkọ̀ dúró, a ó yọ eré omi kúrò nínú eré ọkọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá lóye ọfà méjì yìí, áljíbrà tó kù, ìṣirò ọjà ni. Ọmọ tí kò bá lóye rẹ̀, á máa ha á sórí pé ìròpọ̀ ló ń bẹ lókè, ìyọkúrò nísàlẹ̀, títí tí ìbéèrè kan yóò fi dorí kodò mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí ọfà tó jáde, má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan nọ́ńbà. Mo mọ̀ pé wọ́n á máa hára gàgà. Ṣe sùúrù fún wọn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lẹ́yìn ọfà ni lẹ́tà wá kàn. Lo lẹ́tà tó bá orúkọ nǹkan náà mu ní èdè tí ẹ ń sọ ní kíláàsì. Nínú lẹ́tà yìí, mo máa lo k fún eré ọkọ̀, m fún eré omi. Kí wọ́n wá pín ọ̀nà sí àkókò. Kìlómítà méjìlá ní wákàtí méjì, mẹ́fà ni ní wákàtí kan. Kìlómítà méjìlá ní wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin ni. Kíyè sí àwọn tó ń kọ wákàtí kan àbọ̀ bíi 1.30, wọ́n pọ̀. 1.5 ni. Sọ ọ́ fún wọn lójoojúmọ́ títí yóò fi sú wọn láti gbọ́.

Bí o ṣe ṣe tìrẹ nìyí, mo mọ̀ ọ́ láìwò ó:

k + m = 6
k − m = 4

Ro méjèèjì pọ̀, omi á pa ara rẹ̀ rẹ́: 2k = 10, k = 5. Yọ márùn-ún kúrò nínú mẹ́fà: m = 1. Ọkọ̀ márùn-ún, omi ọ̀kan. Ó dára, kò sí àṣìṣe nínú ìṣirò yẹn.

Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lo kọ́ wọn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú pé ìhà òkun ni ìròpọ̀, ìhà òkè odò ni ìyọkúrò. O sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ Àìkú, o ní òfin kan ṣoṣo lo fún wọn, wọn ò sì lè pa á mọ́. Háwà pa á mọ́. Àbọ̀ ni ìhà òkun, nítorí pé Slipway ló ń padà sí, wákàtí mẹ́ta ló sì lò. Nítorí náà ó kọ ọ́ báyìí:

k + m = 4
k − m = 6

Ro wọ́n pọ̀: 2k = 10, k = 5. Yọ márùn-ún kúrò nínú mẹ́rin: m = −1. Ọkọ̀ kan náà, omi kan náà, eré kan náà. Máínọ́ọ̀sì yẹn kò sọ pé omi ń sá eré tí kò tó òdo. Ohun tó ń sọ ni pé ibi tí tíṣà ní kí a pè ní iwájú, omi ò lọ síbẹ̀, ẹ̀yìn ló ń lọ. Ọmọ náà rí máínọ́ọ̀sì, kò pa á rẹ́, kò sì fi ìtìjú sọ ọ́ di ọ̀kan lásán bí èmi ìbá ti ṣe ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ro ohun tó túmọ̀ sí, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: omi ń wọlé.

Mo mọ̀ pé o ti ń sọ ọ́ báyìí pé, "Màámi, odò wo ló ń wọlé?" Ọ̀rọ̀ dé ibi tó kàn mí. Èmi ni mo kọ́ ọ ní lẹ́sìnnì ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ìwọ àti àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní àdúgbò nígbà náà, pé odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Mo fi òwe yẹn kọ́ yín kí ẹ má baà máa yí àmì omi padà láàárín ìbéèrè. Odò Ọ̀yun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, kò bojú wẹ̀yìn rí. Mesurado ò gbọ́ òwe Yorùbá. O kó òwe mi lọ sí kíláàsì, o fi kọ́ àwọn ọmọ tó ń gbé létí odò tó ń bojú wẹ̀yìn lójoojúmọ́, o wá ń bínú sí wọn pé wọn ò gbọ́.

Kí n má baà máa fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀, mo lọ wò ó lánàá. Mo ra ata tán ní Waterside, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí Slipway, mo bó ọsàn, mo ju èèpo rẹ̀ sómi. Obìnrin kan tó ń fọ ẹja wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ol' Ma, the dirt here not enough for you? You bringing your own?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní iṣẹ́ ilé ìwé ni mo ń ṣe. Ó wo irun funfun tó yọ lábẹ́ gèlè mi, ó ní, "Which school?" Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, mo sì ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí mo wá wò. Èèpo ọsàn náà kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó gba abẹ́ afárá kọjá, ó ń wọ inú lọ. Mo jókòó sórí àpótí tí wọ́n yá mi. Ó pẹ́ gan-an. Omi náà wá dúró jẹ́ẹ́ bí omi inú bàsíà. Nígbà tí mo fi máa kírun tán ní mọ́sálásí ìtòsí tí mo sì padà débẹ̀, gbogbo ìdọ̀tí orí omi ti yí padà, wọ́n ń lọ sí ìhà òkun. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ìlú yìí ni mo ti ń gba orí afárá yẹn kọjá, mi ò wo ìsàlẹ̀ rí pẹ̀lú ojú tíṣà. Bàbá rẹ ní ṣé ẹja nìkan ni mo fi gbogbo ọ̀sán rà.

Wo ohun mìíràn tó wù mí níbẹ̀. Àlọ wákàtí méjì, àbọ̀ wákàtí mẹ́ta, márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Omi òkun máa ń wọlé fún bíi wákàtí mẹ́fà kó tó yí padà. Ọkùnrin inú ìbéèrè rẹ lè lọ kó sì padà dé kí omi tó yí. O ò mọ̀ nígbà tí ò ń kọ ọ́, o ṣèèṣì bá a mu ni. Tí o bá ní wákàtí mẹ́rin ní àlọ àti mẹ́ta ní àbọ̀, omi á ti yí mọ́ ọn lórí odò, k àti m nìkan ò sì ní í tó ṣírò rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí o bá tún ń kọ ìbéèrè fún àwọn ọmọ yẹn, kọ ọ́ kedere: omi ń wọlé, tàbí omi ń jáde, kò sì yí padà títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Kò ní í dín ìṣirò rẹ kù.

Mi ò rántí iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà mọ́. Jẹ́ ká pè é ní ẹ̀kẹrin.

Kọ́ wọn kí wọ́n máa dá ìdáhùn padà sínú ìbéèrè. Ẹni tó bá sọ pé ọkọ̀ jẹ́ márùn-ún, omi jẹ́ ọ̀kan, kó padà lọ wò ó: ní ibi tí omi ti ràn án lọ́wọ́, ó sá mẹ́fà, kìlómítà méjìlá jẹ́ wákàtí méjì. Ó bá a mu. Ní ibi tí omi ti dá a dúró, ó sá mẹ́rin, wákàtí mẹ́ta. Ó bá a mu. Tí eré omi bá pọ̀ ju ti ọkọ̀ lọ, kó bi ara rẹ̀ pé ọ̀nà wo ni ọkùnrin yìí gbà délé. Bóyá ìṣirò rẹ̀ ló ṣì.

Má sì jẹ́ kí wọ́n máa ro eré àlọ àti eré àbọ̀ pọ̀ kí wọ́n wá pín in sí méjì. Èmi ṣe é lójú alábòójútó ẹ̀kọ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó pé ẹni tó sá mẹ́fà lọ, tó sá mẹ́rin bọ̀, àròpín eré rẹ̀ jẹ́ márùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀nà jẹ́ kìlómítà mẹ́rìnlélógún, gbogbo àkókò jẹ́ wákàtí márùn-ún, kò pé márùn-ún ní wákàtí kan, díẹ̀ ló kù. Ó pẹ́ nínú eré tó lọ́ra ju bó ṣe pẹ́ nínú èyí tó yá lọ. Alábòójútó náà dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó tún un ṣe, ó sì dá ṣọ́ọ̀kì padà fún mi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì mo padà sí kíláàsì kan náà, mo ní, "Ohun tí mo kọ́ yín lánàá, ẹ pa á rẹ́." Wọ́n pa á rẹ́. Kò sẹ́ni tó kú. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn: o rò pé tí tíṣà bá ṣì í, kíláàsì ò ní bọ̀wọ̀ fún un mọ́. Ọmọ mi, wọ́n ti mọ̀ pé o ṣì í. Ìwọ nìkan lo kù tí o ò tíì sọ ọ́.

Nípa àwọn tó kù nínú kíláàsì, ìdánwò yẹn ò dára, fagi lé e. O ní àwọn kan kọ ọ́ pé àlọ àti àbọ̀ ò gbọ́dọ̀ yàtọ̀, pé ọkùnrin náà á dúró kí omi yí kó tó padà. Ohun tí ẹni tó mọ odò máa ṣe nìyẹn. Kò dáhùn ìbéèrè rẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Bá wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà kí o fún wọn ní ìbéèrè tuntun. Fi odò ìwé sí méjì nínú rẹ̀, fi Mesurado sí méjì.

Tí ọ̀gá yín bá wá jókòó ní Ọjọ́bọ̀, má ṣe bí ẹni tí ò rí i. Kí i, kí o kọjú sí àwọn ọmọ. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè tó dojú rú yẹn gan-an. Kọ tìrẹ sí apá ọ̀tún, kọ ti Háwà sí apá òsì, kí o bi kíláàsì pé kí ló dé tí méjèèjì fi jẹ́ òótọ́. Mi ò mọ̀ bóyá yóò tẹ́ ọ̀gá náà lọ́rùn. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n fẹ́ kí tíṣà máa mọ gbogbo nǹkan tán. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ á gbọ́ ọ yé, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn, nítorí mo ti ṣe iṣẹ́ náà rí.

Jẹ́ kí n wá sọ ti inú mi. Mo fẹ́ kí o dúró. Lọ́jọ́ Àìkú tí bàbá rẹ ń pè ọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù, inú bí mi, mo sì gbé e mì. Kò sí ohun tó burú nínú ṣọ́ọ̀bù, òun ló fi aṣọ sí ọ lọ́rùn, òun ló rán ọ lọ sí yunifásítì. Èmi náà fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ nígbà tí mo bá bàbá rẹ wá síbí, nítorí pé kò sẹ́ni tó gba ìwé ẹ̀rí mi nígbà náà, mo sì ti ní oyún rẹ. Mi ò kábàámọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù, ó ṣì máa ń ṣe mí bíi pé kí n tẹ̀ lé wọn. Mo sọ èyí kí o lè mọ̀ pé ìmọ̀ràn mi ò mọ́ délẹ̀, pé ìfẹ́ ara mi wà nínú rẹ̀ díẹ̀. Yọ tèmi kúrò, kí o wo èyí tó kù.

Má dúró nítorí mi. Má sì lọ nítorí ọ̀gá. Àwa la bí ọ, ilẹ̀kùn wa ò tì mọ́ ọ rí, bàbá rẹ á sì yọ̀ tó bá rí ẹni tí yóò máa gun àkàbà bá a kó páìpù sọ̀kalẹ̀. Tí o bá ronú tí o sì rí i pé iṣẹ́ náà kì í ṣe tìrẹ, kọ ìwé rẹ, fi sílẹ̀ níyì, mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ kan sí i.

Ṣùgbọ́n kí ìwé yẹn tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, nǹkan kan wà tí o máa ṣe, èyí kì í ṣe ìmọ̀ràn mọ́, mo pa á láṣẹ ni gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ. Lọ́jọ́ Ajé, kí agogo ìṣirò tó lù, jáde lọ bá Háwà níbi tó ń jókòó sí. Má ránṣẹ́ pè é, ìwọ ni kí o rìn lọ. Sọ fún un pé ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà. Bẹ̀ ẹ́ pé kó bá ọ wọlé, kí o sì tún sọ ọ́ níwájú gbogbo kíláàsì, nítorí níwájú gbogbo wọn lo ti lé e. Má fi ẹ̀rín pa á lẹ́nu, má sì sọ pé òun náà kò ṣàlàyé dáadáa. Ìdánwò ńlá ń bọ̀ fún kíláàsì kẹsàn-án, ọmọ náà sì ti ń jókòó síta láti ọjọ́ tó ti gba nǹkan tí tíṣà rẹ̀ ò gbà. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, á gbà gbọ́ pé orí òun ò pé ní tòótọ́.

O lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, Múínátù. O ò lè fi ọmọ tó gbà á sílẹ̀ kó máa rò pé òun ṣì í.

Ràṣídì á wá kírun Jímọ̀ lọ́dọ̀ wa lọ́la, òun ni mo máa fi lẹ́tà yìí rán, pẹ̀lú ẹja tí mo rà ní Slipway. Mo ti dín in. Kí Ọlọ́run fi ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí ọ lẹ́nu lọ́jọ́ Ajé.

Èmi ni Màámi, tó fẹ́ràn rẹ, tó sì ń retí rẹ.